Ta Ló Yọ Ìgbín Kúrò Nínú Fíìmù?

Ilé Ògúnlẹ́yẹ,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì,
Ìwàrà.
Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Olúwatómisìn, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Olúwa tó ṣọ́ ọ láti ìgbà tí o ti ń fi ìdí wọ́ nílẹ̀ kò ní gbàgbé àdírẹ́sì rẹ ní Òṣogbo. O kò ní sọ nù, fóònù rẹ kò ní sọ nù, onílé rẹ kò sì ní fi owó ilé kún owó ilé. Àmín. Bí o bá bi mí léèrè, ara mi le kokooko, ara ọkọ mi náà sì le. Ọkọ mi! Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ ọ rí, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tún kọ ọ́, ó ń dùn mọ́ bírò lọ́wọ́ mi: ọkọ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà géérégé lónìí tí mo ti di Ìyáàfin Ògúnlẹ́yẹ, ní ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, mo ń kọrin nídìí ààrò láti òwúrọ̀ títí iyán fi máa ń fẹ́ tutù. Làbákẹ́ aládùúgbò wa ní kí n rọra, pé àgbàlagbà ni mí. Mo bi í pé àgbàlagbà ti ta?

Nílé níbí, gbogbo nǹkan ń lọ. Obì so dáadáa, kòkó wà nílẹ̀ tí a ń sá, ṣọ́ọ̀ṣì ti kun ògiri rẹ̀ ní búlúù kan tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ sí. Ọkọ mi ra bàtà fún mi láìjẹ́ pé ọdún dé. Mo wọ̀ ọ́ lọ sídìí kànga kí gbogbo ayé lè rí i.

Tíkẹ́ẹ̀tì sinimá tí o fi ránṣẹ́ dé sínú fóònù mi láìsí ibi kankan tó ya. A kò mọ bí a ṣe ń yọ ọ́ jáde, torí náà, nígbà tí a dé Òṣogbo, ọkọ mi gbé fóònù náà fún ọmọbìnrin tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà sinimá, wọ́n ní kó bá wa mú mẹ́rìnlá nínú rẹ̀, kó sì rọra kí ó má bàa kó nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Gbogbo Ẹgbẹ́ Akàwé ló lọ. O mọ̀ wá: lẹ́yìn ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi, a máa ń jókòó ní yàrá ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, a ó ka Sẹ̀gilọlá Gun Ìgbín Lọ, ìwé tí gbogbo wa kà ní sẹ́kọ́ńdírì. Bí a bá kà á tán, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà kẹsàn-án nìyí. Níbẹ̀ ni ọkọ mi ti rí mi. Àwọn ni wọ́n ń kàwé fún wa lọ́jọ́ náà, wọ́n dé ibi tí ìgbín ti sín tí gbogbo àgbàdo oko ọba wó lulẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí gèlè mi fi ṣubú. Wọ́n bá mi gbé e, wọ́n sì bi mí bóyá opó ni mí.

Tómisìn, bí a ṣe wọ inú sinimá, òkùnkùn ni. A rò pé wọ́n mú iná lọ, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn tó ni ibẹ̀ kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ni ògiri tàn, ọba jáde. Kí la fẹ́ ṣe? Àwọn ọkùnrin ilé dọ̀bálẹ̀, àwa obìnrin kúnlẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń pariwo pé kí a jókòó. Ọkọ mi ní ìwà ìlú ńlá ni kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọba ló dé.

Ó wá kan ibi tí Sẹ̀gilọlá ti fẹ́ gbéra lọ gba ẹ̀rín ìyá rẹ̀ padà lọ́wọ́ ọba Ẹ̀yìn Oòrùn. Gbogbo wa dì mọ́ra wa, torí níbẹ̀ ni ìgbín ti ń jáde, ìgbín tó tóbi tó ilé alájà méjì, tí wọ́n fi ọdún méje gùn. Ẹṣin ló jáde. Ẹṣin funfun kan báyìí tó ń ju ìrù kiri bí ọmọ olówó. A kọ́kọ́ rò pé omi ló wá gbé fún ìgbín. A dúró. Sẹ̀gilọlá gun ẹṣin, ó lọ! Ọkọ mi dìde, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ìgbín dà? Wọ́n tún béèrè. Ìgbà náà ni àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn gbà á lẹ́nu wọn, ìgbín dà, ìgbín dà, títí gbogbo ilé fi ń mì. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó fi páálí ṣe ìkarahun ńlá gbé sẹ́yìn wá láti ilé, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó ń sunkún. Mo fún un ní gúgúrú mi.

Ẹṣin yẹn dé Ẹ̀yìn Oòrùn kí gúgúrú wa tó tán. Ohun tó dun ọkọ mi jù nìyẹn. Wọ́n ní bí èèyàn bá gun ìgbín fún ọdún méje, ó máa mọ ẹni tí òun bá rìn, ó máa mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, ó máa mọ ohun tó ń dẹ́rù bà á. Wọ́n ní ẹni tó bá gun ẹṣin, ibo ló ti ráyè?

Gbogbo ẹgbẹ́ bínú jáde. Èmi dúró, torí orúkọ àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú ògiri, kò sì dáa kí wọ́n máa sọ orúkọ wọn fún wa kí a kọ̀yìn sí wọn. Mo ń kí wọn ní kọ̀ọ̀kan, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú iṣẹ́. Ni mo bá rí i gbàǹgbà: ẹni tó kọ ọ́ láti ìwé di fíìmù, Olúwatómisìn Ọdúntán. Mo pariwo Halelúyà! Lẹ́yìn náà ni mo fi ọwọ́ bo ẹnu. O ti sọ fún mi pé o ń bá àwọn onífíìmù ṣiṣẹ́, mo ṣáà rò pé oúnjẹ lo ń sè fún wọn ni.

Nígbà tí mo pè ọ́ lọ́jọ́ kejì, o kò parọ́ fún mi. O ní kọ̀ǹpútà ló yẹ kó ya ìgbín náà, pé owó tó máa mú un rìn tó owó tí èèyàn fi ń ṣe afárá, pé ọ̀gá yín ní fíìmù wákàtí méjì ni, ìgbín kò ní tíì jáde ní ọgbà. O ní ọwọ́ ara rẹ lo fi yọ ọ́, o sì sunkún. Mo gbọ́ ọ. Mi ò wí nǹkan kan fún ọkọ mi.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọkọ mi gbé ọwọ́ lé ìwé náà níwájú ẹgbẹ́, wọ́n ní ẹni tó yọ ìgbín kúrò, ẹni yòówù kó jẹ́, kò ní gba ẹnu ọ̀nà iwájú ilé àwọn wọlé, kò ní gba ti ẹ̀yìn, títí láé. Gbogbo ẹgbẹ́ ṣe Àmín. Èmi náà ṣe é, kí wọ́n má bàa máa wò mí. Bẹ́ẹ̀, Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yìí ni ìdúpẹ́ ìgbéyàwó wa. O kò sí níbi ìgbéyàwó, ẹ wà níbi tí ẹ ti ń parí fíìmù náà, o kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilé ọkọ mi rí. Mo ń kọrin nídìí ààrò, ṣùgbọ́n àyà mi ń já.

Làbákẹ́ tún wá fi fóònù hàn mí pé ẹnì kan ya ọkọ mi ní sinimá, pé gbogbo ayé ti rí wọn níbi tí wọ́n ti ń béèrè ìgbín. Èèyàn irinwó ó lé méjìlá ló kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì dá wọn lóhùn! Ọjọ́ méjì ni mo fi kí gbogbo wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo béèrè ara wọn, mo béèrè ìyá wọn. Ẹnì kan tó fi àwòrán kìnnìún ṣe ojú pe ọkọ mi ní arúgbó aláìníṣẹ́. Mo bi í ní ìlú rẹ̀, mo bi í ní ilé tí wọ́n ti bí i. Ará Ikeji-Arakeji ni, mo mọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ó ní kí n má bínú, kí n bá òun gbàdúrà ìdánwò. Ẹlòmíràn kọ ọ́ pé bí ọwọ́ òun bá tẹ ẹni tó kọ fíìmù náà, òun á lù ú. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó fi ọ̀rọ̀ lílù sílẹ̀, pé ẹni náà ní ìyá, pé ìyá rẹ̀ ló ń kọ èyí.

Ọkọ mi kò mọ gbogbo ìyẹn, wọ́n ń ṣe ètò tiwọn. Wọ́n ní bóyá àwọn onífíìmù kò rí ìgbín tó dáa ni, torí náà ẹgbẹ́ wọ oko kòkó. Ìgbín mọ́kànlélọ́gọ́ta la kó jọ, a tò wọ́n sórí tábìlì, a kọrin fún wọn. Ọ̀kan ṣoṣo ló yọjú títí a fi kọrin tán, òun la mú. Àrẹ̀mú dírẹ́bà ń gbé e bọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ewé ìbẹ́pẹ ló ń jẹ. Má sè é! Ọkọ mi ní kí ẹ yọ ẹṣin kúrò, kí ẹ fi ìgbín yìí síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ páànù orí ilé, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Wọ́n ní bí ó bá dà bíi pé ó kéré, kí ẹ gbé ẹ̀rọ yín sún mọ́ ọn dáadáa.

Láàárọ̀ yìí, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo gbé iyán ka iwájú wọn, mo kúnlẹ̀, mo ní, Bàbá, ọmọ tí mo bí ló yọ ìgbín. Òkèlè tó wà lọ́wọ́ wọn padà sínú abọ́. Wọ́n ní, Tómisìn? Mo ní, Tómisìn. Wọ́n ní ṣé ó ka ìwé náà rí? Mo ní èmi ni mo kà á fún un, láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Wọ́n ní, ó sì mọ̀ pé ìgbín wà níbẹ̀? Mo ní ó mọ̀, ó sunkún nígbà tí ó ń yọ ọ́. Wọ́n fọwọ́, wọ́n wọ bàtà, wọ́n jáde. Iyán odidi! Mo rò pé wọ́n lọ pe ẹbí wọn kí wọ́n wá dá mi padà. Mo ti ń wo ibi tí àpótí mi wà.

Awóníyì kápẹ́ńtà ni wọ́n mú wá, pẹ̀lú òòlù ńlá. Wọn kò kí mi. Wọ́n lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, níbi tí kò sí nǹkan kan ju ògiri lọ, wọ́n bi mí pé báwo lo ṣe ga tó. Mo ní o ga dé etí mi. Wọ́n fi èédú fa ìlà sára ògiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Mo ní, ọkọ mi, kí lẹ ń ṣe? Wọ́n ní àwọn ti gbé ọwọ́ lé ìwé, àwọn kò lè kó ọ̀rọ̀ tí àwọn sọ níwájú Ọlọ́run jẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà iwájú àti ti ẹ̀yìn ni àwọn dárúkọ. Àwọn kò dárúkọ ti ẹ̀gbẹ́, torí kò sí ti ẹ̀gbẹ́ nígbà náà. Awóníyì, tó ṣe Àmín kíkan jù lọ lọ́jọ́sí, ní òótọ́ ni, òun náà kò gbọ́ ti ẹ̀gbẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo lọ mú iyán wọn gbóná.

Òòlù náà ń dún bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, eruku tó wà lórí bébà yìí, ti ẹnu ọ̀nà rẹ ni. Mo ti fi ìró mi dí i, síbẹ̀ ewúrẹ́ Làbákẹ́ ti gba ibẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, torí náà tètè wá kó má bàa sọ ọ́ di tirẹ̀. Ọkọ mi ní kí n sọ fún ọ pé àwọn kò tíì dárí ẹṣin jì ọ́. Wọ́n ní bí o bá jẹun tán lọ́jọ́ Ìsinmi, wàá jókòó ti àwọn, ìwọ àti àwọn á gba inú ìwé náà lọ ojú ewé sí ojú ewé, wàá sì máa ṣàlàyé ara rẹ. Wọ́n ní kí o gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́.

Jọ̀wọ́, fi owó pákó ilẹ̀kùn ránṣẹ́ nípasẹ̀ Àrẹ̀mú, àti ti kọ́kọ́rọ́, Awóníyì kò ní gba owó iṣẹ́. Tún bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá mìíràn. Ẹgbẹ́ fẹ́ tún lọ wo fíìmù náà kí a lè rí i dáadáa bí ó ṣe burú tó. Méjì nínú wa ti yọ́ lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta.

Olúwa yóò fún ọ ní ọkọ tó máa bá ọ rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibi tí o bá dé tí kò sí ọ̀nà fún ọ, wọ́n á gbé òòlù, wọ́n á bi ìyá rẹ pé báwo lo ṣe ga tó.

Èmi ni, tìdùnnú-tìdùnnú,
Ìyá rẹ,
Phebe Ògúnlẹ́yẹ (Ìyáàfin)