Orin Tí Ẹ Fi Jó Nígbà Ìkórè, Èmi Ni Mo Kọ Ọ́

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kò rí mi. Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, pẹ̀lú ìyàwó wọn àti àwọn ọmọ. Ẹ kí gbogbo ará ilé wa ní Òkè-Ìlá, kí ẹ sì kí àwọn ẹbí yín tó kù ní Ìjàn. Ara mi le, ẹ má fòyà. Inú ló ń bí mi. Mo gbé e mì fún oṣù méjì, kò lọ sílẹ̀, ni mo ṣe jókòó láti kọ ọ́. Ibi tí gbogbo ayé á ti kà á ni mo sì kọ ọ́ sí, torí gbangba ni ẹ ti ṣe ohun tí ẹ ṣe fún mi.

Òtútù ìlú òyìnbó ti tún dé sí Leeds níbí. Mo ṣì wà nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí. Mo ń wẹ̀ fún wọn, mo ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn mi sì ń sọ fún mi pé èmi náà ti ń dàgbà. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Àwọn ọmọ ti lọ tán, bàbá wọn ti di ará ọ̀run láti ọdún mẹ́fà. Bí mo bá ṣílẹ̀kùn wọlé, ẹ̀rọ amúnǹkantutù nìkan ló ń dá mi lóhùn.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ra gìtá àlòkù kan, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara mi bí wọ́n ṣe ń ta á. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mí nígbà náà. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń mi orí, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Màmá. Ẹ rántí dùùrù Bàbá tó wà ní pálọ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Bàbá ń fi í kọ́ Bọ̀ọ̀dá, tí wọ́n á máa sunkún nítorí bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ lọ gbá. Èmi ni mo ń nu eruku rẹ̀. Ọjọ́ tí mo fi ìka kan án, Bàbá ní ọwọ́ obìnrin kò wúlò níbẹ̀, kí n lọ wo iṣu tó wà lórí iná. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ kò sọ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ìyá tó bí yín lọ́mọ kì í fi orin ṣeré. Ìjàn mọ̀ ọ́n sí orin alámọ̀, orin tí àwọn obìnrin wa fi ń yin ẹni tó yẹ ní yíyìn, tí wọ́n sì fi ń sọ òkò ọ̀rọ̀ sí ẹni tó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin pàápàá mọ̀ ọ́n kọ kí ẹ tó di ìyàwó tíṣà. Láti ìgbà tí ẹ ti wọ ilé tíṣà, orin inú ìwé nìkan la ń gbọ́ lẹ́nu yín. N kò bá yín jà lórí ìyẹn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ohun tó wà lára mi, n kò jí i.

Níbi iṣẹ́ ni orin náà ti jáde. Mo ń wẹ ẹsẹ̀ fún bàbá òyìnbó kan tó ti ṣe káfíńtà nígbà tó ṣì lágbára, ẹni tó máa ń bú wa tí a bá ti gbé omi dé. Mo ń fi Èkìtì kọrin ilé àti iṣẹ́ jẹ́jẹ́:

Ulé lẹsẹ̀ mi í lọ,
usẹ́ ló dá mi dúró.

Kò bú mi lọ́jọ́ yẹn. Ó wá bi mí pé ta ló kọ orin yẹn. Mo ní kò sí ẹni tó kọ ọ́. Màmá, ojú tì mí dé ilé. Mo ti fi ẹnu ara mi pa ara mi rẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo kọ orin náà sílẹ̀ látòkè délẹ̀, tí mo sì kọ orúkọ mi sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbé e lọ sí ilé ìkàwé àdúgbò wa, níbi tí àwọn olórin ti máa ń kóra jọ. Mo wọ bùbá àti ìró, mo ta gìtá, mo kọrin. Wọ́n ní kí n tún un kọ. Ẹnìkan ká a sílẹ̀, mo sì fi ayọ̀ fi fídíò náà ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá.

Ẹ̀yin náà mọ ìyókù. Bọ̀ọ̀dá pè mí láti ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ńtì wọn ní àdúgbò Adébáyọ̀, mo ń gbọ́ ohùn àwọn oníbàárà lẹ́yìn wọn. Bọ̀ọ̀dá bi mí pé kí ni mò ń wá kiri lọ́jọ́ orí mi, ṣé ó kù kí n bọ́ aṣọ sọ́jà ni. Wọ́n gbé fídíò náà sórí Wáàsápù ẹbí, wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn wo ohun tí ìlú òyìnbó sọ àbúrò wọn dà, kí wọ́n máa gbàdúrà. Ẹ̀yin ẹ̀wẹ̀, Ìyá Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ, ẹ kọ orúkọ mi sínú ìwé àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì. Àárín ọkùnrin tí rọpárọsẹ̀ kọlù àti ọmọbìnrin tó sá kúrò nílé ni wọ́n ti ka Ìbídùnní. Ẹgbẹ́ yín gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé mi lórí. Kí ni àìsàn mi? Gìtá!

Ìyẹn gan-an kọ́ ló bí mi nínú tó báyìí. Fídíò ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi ọwọ́ ara yín fi ránṣẹ́ ni. Mo rí ẹgbẹ́ yín tí wọ́n ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ẹ̀yin lẹ wà níwájú, ẹ ń ju áńkáṣíìfù. Orin wo ni wọ́n ń kọ?

Ọ̀run lẹsẹ̀ mi í lọ,
ayé ló dá mi dúró.

Ohùn orin mi ni. Ibi tí mo ti ń já ohùn wálẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti já a. Ẹ jó débi pé gèlè yín fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo wá sunkún, inú wá ń bí mi. Nígbà tí mo pè yín, ẹ kò tiẹ̀ fi í pamọ́. Ẹ ní ìyá tó ń darí orin gbọ́ ọ lórí fóònù ẹnìkan, láti ara ohun tí Bọ̀ọ̀dá pín kiri, ó sì fẹ́ràn rẹ̀. Ó bi yín pé níbo lorin náà ti wá. Ẹ sọ fún un pé orin àtijọ́ ni, orin Ìjàn. Ẹ wá ní kí inú mi dùn, pé Ọlọ́run ti wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Kí ni wọ́n ń wẹ̀ lára rẹ̀, Màmá? Àbí èmi ni ìdọ̀tí náà? Orin kan náà tí ẹ gbààwẹ̀ lé lórí lẹ fi jó dé iwájú pẹpẹ! Orin àtijọ́ tí a kò mọ ẹni tó kọ ọ́, òkú ló ni ín. N kò tíì kú. Mo mọ̀ pé ẹnu ayé lẹ̀ ń bẹ̀rù, pé wọ́n á ní ọmọ Bàbá Tíṣà di alárìnjó. Mo bọ̀wọ̀ fún ìbẹ̀rù yẹn fún àádọ́ta ọdún. Ó tó.

Kí ẹ má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, láti oṣù kìn-ín-ní, ọjọ́ mẹ́ta ni n ó máa fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, n ó fi ìyókù kọrin. Ohun tí mo ń fi ránṣẹ́ sílé lè dín díẹ̀, oògùn yín kò ní dín.

Bọ̀ọ̀dá tún ti pè lórí ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún yín tó ń bọ̀ ní Dìsẹ́ńbà. Wọ́n ní ẹgbẹ́ yóò tún orin náà kọ, torí òun ni ẹ ń béèrè. Wọ́n ní kí n wá, àmọ́ kí n fi gìtá sílẹ̀ ní Leeds. Màmá, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, gìtá náà yóò sì bá mi wá. Ṣùgbọ́n n kò ní jókòó sórí bẹ́ńṣì kí wọ́n máa kọ mí létí mi bí orin òkú. Àwọn àgbà ní ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin bí ọmọ olórin, ẹ pọ̀n mí. Kí wọ́n tó dá orin náà lọ́jọ́ yẹn, ẹ dìde, ẹ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí ẹ sọ pé ọmọ yín ló kọ ọ́, kí ẹ sì dárúkọ mi. Ẹ kò nílò láti sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sọ ọ́, n ó ta gìtá fún yín títí ẹsẹ̀ yín yóò fi rẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, n ó dìde fúnra mi, n ó sọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ, lójú yín.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí yín sí, orúnkún yín kò ní dùn yín, ẹ ó jẹ oúnjẹ ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹgbẹ́, pàápàá ìyá tó ń darí orin. Ẹ sọ fún un pé ẹni tó ni orin kí i.

Èmi ni ọmọ yín, olórin,
Ìbídùnní.