Àkúdàáyà Inú Fíìmù Ọ̀ṣunlọlá

Ilé Fádèyí,
Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọ̀ṣunlọlá ọmọ mi,

Èmi bàbá rẹ, Fádèyí, ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń dọ̀bálẹ̀ fún, ni mo gba akọ̀wé àgbà kan kó bá mi kọ ìwé yìí sí ọ. Ṣé ara le? Ṣé iléèwé Ògbómọ̀ṣọ́ gbà ọ́? Elédùmarè á máa ṣọ́ ọ lórí ọ̀kadà. Ìyá rẹ wà, ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, kò sí ohun tó ń ṣe wá.

A gbọ́ ẹkún rẹ lórí fóònù. O ní olùkọ́ ní kí ẹ wo fíìmù kan, kí ẹ wá ọgbọ́n òde òní tí wọ́n ń pè ní póòsìmọ́dàn jáde nínú rẹ̀, o wò ó títí o ò rí nǹkan kan, tó bá sì di ọjọ́ Ẹtì tí o ò rí i kọ, wàá palẹ̀ mọ́, wàá padà wálé. Ni mo bá ní kí Fáwọlé àbúrò rẹ gbé fíìmù tí o fi ránṣẹ́ wá, kí n bá ọ wò ó.

Ọmọ mi, fíìmù náà kò dáa. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti ń sin ọ̀gbẹ́ni inú rẹ̀. Ìyá rẹ sunkún. Kò pẹ́, a tún rí i tó ń jẹ búrẹ́dì. Mo ní kí wọ́n pa fóònù, àkúdàáyà ni, òkú tó sá lọ ń gbé ìlú mìíràn, kí o má pe orúkọ rẹ̀ sókè. Ìyá rẹ ní ká fi í sílẹ̀, bóyá ó ń wá àwọn èèyàn rẹ̀ ni. Ni ọ̀gbẹ́ni náà bá kọjú sí wa, ó kí wa, ó ní ṣé kí òun fẹ́ ọmọbìnrin kan, Grace, àbí kí òun má fẹ́ ẹ. Mo dá a lóhùn bí àgbà, mo ní kó kọ́kọ́ lọ rí bàbá ọmọ. Kò tiẹ̀ dúpẹ́. Ẹni tó ń ya fíìmù náà sì gbàgbé ara rẹ̀ sínú dígí, òun àti ẹ̀rọ rẹ̀, a ń wò wọ́n kedere. Nígbà tí fíìmù parí, ọ̀gbẹ́ni náà fẹ́ Grace. Fíìmù tún parí lẹ́ẹ̀kejì, Grace lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Mo ní kí wọ́n pe ẹbí méjèèjì jókòó, kí wọ́n fẹnu kò sórí ọ̀kan.

Jọ̀ọ́, fi owó dátà ránṣẹ́. Orí fóònù Fáwọlé ni kó wọlé sí, ọmọ dáadáa ni. Kí o sì bá a ra bàtà. Ẹlẹ́dàá rẹ á gbè ọ́, ẹ̀rín lo máa fi jáde níbẹ̀.

Aǹtí mi, ẹ má bínú. Kò sí akọ̀wé àgbà kankan, èmi Fáwọlé ni. Bàbá wà lóko, wọn ò mọ̀ pé mo kọ̀wé. Tó bá jẹ́ orúkọ tèmi lẹ rí lókè ni, ẹ ò bá ti jù ú nù, ẹ ò bá ní kí ni ẹni tó sá kúrò níléèwé mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu Bàbá lórí fíìmù náà ni mo kọ, mi ò fi nǹkan kan kún un àfi bàtà. Ẹ tún un kà. Gbogbo ibi tí Bàbá ti ní fíìmù náà bàjẹ́, ẹni tó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ níbẹ̀, kí ẹni tó ń wò ó má baà gbàgbé pé fíìmù ni. Póòsìmọ́dàn tí olùkọ́ yín ń wá nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fún un, kí ẹ má sì wálé lọ́jọ́ Ẹtì o. Mo ti kó sí yàrá yín.

Àbúrò yín,
Fáwọlé