Ẹni Tí Yóò Bá Mi Bẹ Bàbá Fèrè

Bàbá mi tí mi ò rí pè mọ́,

Ọ̀sán Jímọ̀ ni mo fi ń kọ ìwé yìí, nínú ṣọ́ọ̀bù yín, lórí àga yín. Ẹ má bínú. Láti àárọ̀ ni mo ti ń jókòó, tí mo tún ń dìde. Mo ti gbá ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì, mo sì ti jáde lọ wo ojú títì bí ẹni tó ń retí àlejò. Ara mi kò balẹ̀. Mi ò sì rí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún tí kò ní kọ́kọ́ bú mi.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń mi orí. Orúkọ tí ẹ sọ básíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ti ń pè é bẹ́ẹ̀ báyìí. Wọ́n tiẹ̀ ti fi mí ṣe alága àwọn alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ Ìlá. Mi ò tíì sọ fún yín.

Sátidé tó kọjá, àwa àti Òkè-Ìlá gbá àṣekágbá ní pápá ilé ìwé girama. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wá, a ń fẹ́ ọmọ ara wa, ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sáàárín, kò sẹ́ni tó mọ ẹbí mọ́. Bàbá Fèrè ló ṣe adájọ́, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti ń fọn fèrè ládùúgbò wa kí ẹ tó bí mi. Ẹ̀yin lẹ máa ń dín ṣòkòtò rẹ̀ kù nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ìlá ló kọ́lé sí, ṣùgbọ́n ọmọ Òkè-Ìlá ni ìyá tó bí i.

Ó ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Òkè-Ìlá fi àmì kan péré ṣíwájú wa. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí Múfú ní igun, Múfú ọ̀rẹ́ mi tó máa ń jẹun alẹ́ nílé wa bíi pé ẹ̀yin lẹ bí i. Ó fò, ó jù ú, ó wọlé. Gbogbo pápá hó. Mo ti gbé ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí sókè. Kí n tó sọ ọ́ kalẹ̀, fèrè ti dún. Bàbá Fèrè nàka sílẹ̀: ó ní Múfú ti tẹ ìlà ìta kó tó ju bọ́ọ̀lù, pé kò kà. Báyìí la ṣe pàdánù.

Bàbá, mo wọ inú pápá. Mo lọ dúró síwájú arúgbó náà, mo nàka sí i lójú.

"Ìwọ bàbá yìí, olè ni ẹ́! Ìyá ẹ lo ń fọn fèrè fún!"

Níwájú àwọn tó ti kọ́ ní ìwé, àti àwọn ọmọ wọn. Ó nu ẹnu fèrè sára ẹ̀wù rẹ̀, ó fi í sápò, ó ń lọ. Àwọn ènìyàn wa ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn mi: "Sọ fún un, alága! Má mà dákẹ́ o!" Inú mi dùn. Mi ò ní parọ́ fún yín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ ìwé ẹ̀sùn sí ìgbìmọ̀ tó ń darí ìdíje. A ní kí wọ́n tún àṣekágbá náà gbá, kí wọ́n sì gba fèrè lọ́wọ́ bàbá náà pátápátá, kó má fọn ọ́n mọ́ níbikíbi. Àwọn ènìyàn fọwọ́ sí i títí ojú ìwé fi kún. Ìgbìmọ̀ dáhùn pé lọ́la Sátidé làwọn máa jókòó lé e, kí ẹni tó bá ní ẹ̀rí fi ránṣẹ́. Èmi ní ẹ̀rí. Igun yẹn gan-an ni mo dúró sí tí mo ń fi fóònù ya fídíò, títí bọ́ọ̀lù fi wọlé. Mo ti fi orí búra fún gbogbo ayé pé inú ni ẹsẹ̀ Múfú wà.

Ibẹ̀ ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀. Fóònù mi kú lórí pápá. Iná kò sí. Ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àdúgbò wa ti jóná láti bí oṣù kan, síbẹ̀ wọ́n gbé ìwé owó iná wá bá Ìyá, iná tí a ò rí. Mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò gbójú sókè.

"Ẹ lọ kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀."

"Mo ti kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ẹ tún un kọ."

Mo lọ ṣáájì fóònù lọ́dọ̀ ọkùnrin tó ní jẹnẹrétọ̀ lẹ́bàá ọjà. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ń gbé ní Ìgbájọ, ó ní kí n fi fídíò náà ránṣẹ́ lórí fóònù. Mo ra dátà. Ó rìn dé ìdajì, ó dúró. Mo tún gbìyànjú, dátà tán. Mo pe ilé iṣẹ́ fóònù. Wọ́n ní kí n tẹ ení, mo tẹ ení. Wọ́n ní kí n tẹ mẹ́ta, mo tẹ mẹ́ta. Wọ́n wá ń kọrin sí mi létí, wọ́n ń dá orin dúró láti sọ pé ìpè mi ṣe pàtàkì, wọ́n ń kọrin lọ. Nígbà tí ọmọbìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin.

"Ẹ má bínú sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fóònù yín, kẹ́ ẹ tún un tàn."

"Arábìnrin, orí rẹ̀ la ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Tí mo bá pa á ńkọ́?"

"Ẹ ṣáà pa á, sà."

Mo pa á. Kí ni ǹ bá ṣe?

Mo rántí obìnrin ará Iresi tí ẹ gé aṣọ rẹ̀ kúrú. Ẹ wọ ọkọ̀ lọ bá a dé ilé, ẹ sì bẹ̀ ẹ́ lójú ọkọ rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ńkọ́, Bàbá? Ta ni wọ́n ń rán wá sílé wa?

Ọjọ́rú, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníjẹnẹrétọ̀ yẹn, fídíò ń yí birí-birí, kò lọ. Nítorí pé mi ò rí nǹkan mìíràn ṣe, mo ṣí i wò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fara balẹ̀ wò ó nìyẹn. Mo mú kó máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹfun la fi ń fa ìlà pápá wa, tí a ń tún un fà láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje. Bí Múfú ṣe fẹ́ fò, ẹfun tú kẹ́lẹ́lẹ́ lábẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀. Mo tún un wò. Ó tún tú. Mo wò ó títí ojú fi ń ta mí. Lórí ìlà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà.

Mo pe Múfú wá, mo fi hàn án. Kò tiẹ̀ wò ó parí.

"Mo mọ̀," ó ní.

"O mọ̀?"

"Mo rí ẹfun ní bàtà mi. Ṣùgbọ́n o ti ń pariwo nígbà yẹn. Ìwọ lo ní o ní ẹ̀rí."

"Kí la máa ṣe báyìí?"

"Pa á rẹ́. Sọ pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Ta ni kò ní gbà ọ́ gbọ́?"

Òótọ́ ló sọ, ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Gbogbo Ìlá ló máa gbà mí gbọ́. Àbúrò yín, Bàbá Lásísì, ní kódà tí mi ò bá mú fídíò kankan wá, àwọn ìgbìmọ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá Bàbá Fèrè, ó sì ti wọ̀ wọ́n lára. Wọn yóò gba fèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n ṣáà dákẹ́. Èmi tí ẹ mọ̀, Bàbá, ìgbà wo ni mo dákẹ́ rí?

Mo ní kí Bàbá Lásísì wá bá mi bẹ Bàbá Fèrè. Ó fò dìde.

"Èmi? Kí n lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ Òkè-Ìlá, nítorí ẹfun? Tó o bá débẹ̀, sọ fún un pé o ò lẹ́bí!"

Ìyá ní òun á bá mi lọ. Mo kọ̀. Mi ò fẹ́ kí ìyá mi kúnlẹ̀ nítorí ẹnu tèmi.

Mo rántí ìgbà tí mo fi òkò fọ́ fèrèsé ọ̀gá ilé ìwé wa. Ẹ mú mi lọ sílé rẹ̀ láàárọ̀, ìrì ṣì wà nílẹ̀. Mo rò pé èmi nìkan ni màá dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí mo yíjú, ẹ ti na ara yín sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nínú ẹ̀wù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ẹ ò lù mí nígbà tí a délé. Ẹ kàn ní kí n fọ ẹrẹ̀ tó wà níwájú ẹ̀wù náà.

Mo tún rántí ọjọ́ tí ẹ wá sí pápá kẹ́yìn. Ẹ ní kí n rọra máa bá adájọ́ sọ̀rọ̀, mo sì ní ẹ ò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù. Níwájú Múfú. Ẹ ò wá mọ́ láti ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni àìsàn dé. Ṣé ọ̀rọ̀ yẹn ni, àbí àárẹ̀ ti mú yín? Mi ò bi yín. Mo ń sọ pé màá bi yín.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun alásàrí, mo dá lọ. Bàbá Fèrè jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó obì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ń bó obì lọ.

"Ta ló bá ọ wá?"

"Èmi nìkan ni, sà."

"Wọn kì í dá wá bẹ àgbà."

"Mo mọ̀, sà."

"Ta ni bàbá rẹ?" Ó mọ̀ o. Ó fẹ́ kí n fi ẹnu mi sọ ọ́ ni.

"Súmọ́nù aránṣọ, sà. Ó ti kú."

"Mo mọ̀. Mo wà níbi tí wọ́n ti sin ín."

Ó gbé abọ́ obì sílẹ̀. Ó wá kọjú sí àga òfìfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ara rẹ̀. "Tísà, má bínú. Ọmọdé ni." Ó yí ohùn padà: "Ó pè mí lólè!" "Ó pè ọ́ lólè lóòótọ́. Orí rẹ̀ ló gbóná." "Ó bú ìyá mi!" "Ó bú u. Jẹ́ kó dìde, Tísà. Ìjàlọ wà nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn." Mo bú sẹ́rìn-ín níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí. Ẹ̀rín náà kò pẹ́, ó di nǹkan mìíràn, mo sì fi apá bo ojú.

Mo fẹ́ fi fídíò hàn án. Ó kọ̀. "Mo rí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Kí ni mo fẹ́ fi fóònù ṣe?" Ó ní tòun ti tán, òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo kọ kò sí lọ́wọ́ òun, òun kọ́ lòun máa gbà á padà.

Bàbá, lọ́la ni. Gbọ̀ngàn ìlú ni wọ́n ti máa jókòó. Fídíò náà kò tíì lọ, nítorí náà fóònù fúnra rẹ̀ ni màá gbé lọ́wọ́ wọlé. Àwọn tó fọwọ́ sí ìwé mi yóò kún ẹ̀gbẹ́ kan. Láti àárọ̀ ni Múfú kò ti gbé ìpè mi. Mi ò mọ̀ bóyá yóò tún wá jẹun nílé wa. Ó dá mi lójú pé wọn yóò pè mí ní ọ̀dàlẹ̀, wọn kò sì ní dárúkọ mi, ọmọ Súmọ́nù ni wọn yóò wí. Orúkọ yín ni wọn yóò máa fi ṣépè jáde nínú gbọ̀ngàn yẹn, ẹ ò sì sí níbẹ̀ láti dáhùn.

Ẹ foríjì mí fún ìyẹn ṣáájú. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ka ìwé ẹ̀sùn náà tán, tí wọ́n bá bi wá pé ta ló kọ ọ́, màá dìde.

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sáfẹ́fẹ́ rere.

Èmi olóríkunkun yín, tí ìfẹ́ yín kò tán lọ́kàn rẹ̀.