Ọ̀dà Kò Mú Lára Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Mi

Bàámi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ará ibi tí ẹ wà, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀. Ara mi le. Tèmi, ọmọ-ọmọ yín, náà ń bẹ. Ó ti ga jù mí lọ, Gẹ̀ẹ́sì ló sì ṣì fi ń dá mi lóhùn bí mo bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ mi ni ara rẹ̀ kò dá. Lọ́sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, nígbà tí mo ń ti ọsibítù bọ̀ láàárọ̀, ọkùnrin kan tó wa píkọ́ọ̀pù ńlá kò dúró fún iná pupa ní Allen, ìlú kan nítòsí wa lókè òkun níbí, ó sì forí ọkọ̀ rẹ̀ sọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tèmi. Ilẹ̀kùn méjèèjì wọlé, mádígáàdì sì ká bí ìwé. Ẹ̀gbẹ́ tí Tèmi máa ń jókòó sí ni. Kò sí nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, àmọ́ ojoojúmọ́ ni mò ń rí i níbẹ̀.

Ìńṣọ́ránsì yá mi ní ọkọ̀ mìíràn. Ó mọ́ tónítóní, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Bí mo bá dúró níbi iná, mo máa ń gbọ́ tí ẹnìkan ń fi eegun ìka kan ara rẹ̀, kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹ ṣe máa ń ṣe nígbà tí oníbàárà bá gbé ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wá, tí ẹ fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti fi pọ́tì dí ihò. Màá yíjú wò, kò ní sí ẹnì kankan. Mo sọ fún Tèmi. “Mummy, it's just the AC,” ló fi dá mi lóhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè lórí fóònù rẹ̀. Ṣé ẹ̀yin ni, Bàámi? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ ń wá lára ọkọ̀ ayálò?

Ṣọ́ọ̀bù tí mo gbé ọkọ̀ mi lọ wà ní Pleasant Grove, ó sì jìnnà sí ilé wa ní McKinney. Ẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ló wà nítòsí wa. Òórùn rẹ̀ ló mú mi yàn án. Láti ẹnu géètì ni mo ti gbọ́ òórùn tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà àti eruku ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ha, mo sì di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń kun ọkọ̀ ní Mọ́kọ́lá. Ará Mẹ́síkò kan tó ń jẹ́ Ramón ló ni ín, bàbá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Eusebio ló sì ń bá a kun ọkọ̀. Bí ẹ bá rí bí bàbá yẹn ṣe máa ń di ojú, tí á máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra ara ọkọ̀, tí á máa wá ibi tí kò tíì jọ̀lọ̀, ẹ ó mọ̀ pé akẹgbẹ́ yín ni.

Màámi pè mí láti Ìbàdàn pé ọkọ̀ tó ti rí irú ìyẹn, n kò gbọdọ̀ tún jókòó sínú rẹ̀ láìfi òróró àdúrà pa á. Ẹ mọ Màámi, bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀, ó parí. Nígbà tí mo wá lọ kó bàtà Tèmi nínú búùtù, mo bá a pé wọ́n ti ha ọkọ̀ náà tán, ó dúró de ọ̀dà, gbogbo wọn sì ti lọ jẹun ọ̀sán. Mo yọ ìgò òróró kékeré tó wà nínú báàgì mi. Mo fi ṣe àmì àgbélébùú sára ilẹ̀kùn méjèèjì àti mádígáàdì, mo gbàdúrà fún ọmọ mi, mo sì fi tíṣù nu ibi tó ń dán kí wọ́n má baà fi mí ṣẹ̀sín.

Lọ́jọ́ kẹta, Ramón tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ sí mi pé ọ̀dà kò mú, àwọn máa ha á kúrò, àwọn á tún un kùn. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ẹgbẹ́ àdúrà wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Olórí wa fò dìde. “Ẹ ò rí i? Ọ̀tá ò tíì sùn! Sister, ẹ padà síbẹ̀, kẹ́ ẹ da òróró yẹn dáadáa!” Èmi nọ́ọ̀sì, èmi ọmọ akunkọ̀, mo sì padà lọ dà á dáadáa.

Nígbà tí ọ̀dà kò tún mú lẹ́ẹ̀kejì, Ramón ní kí n wá fi ojú ara mi rí i. Ilẹ̀kùn náà kún fún ihò wẹ́wẹ́, bí ojú ẹni tí ìgbóná ti bá jà. Mo mọ àwọn ihò yẹn, Bàámi. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti mọ̀ wọ́n.

Ramón ní Eusebio ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, kì í nu ara ọkọ̀ dáadáa kó tó kùn ún, ìparí ọ̀sẹ̀ náà ni kó gba ilé rẹ̀ lọ. Eusebio mú fìlà lọ́wọ́. Ó ní òun nù ún, ẹ̀ẹ̀mejì lòun nù ún. Kò pariwo. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Bọ̀dá Làmídì, ọmọṣẹ́ yín, ṣe sọ ọ́ níwájú yín, tí ẹ ò sì gbà.

Bàámi, Bọ̀dá Làmídì nu ọkọ̀ Píjò ọ̀gá ilé ìwé yẹn. Èmi ni. Ẹ ti sọ ọ́ títí pé ọ̀dà kì í mú níbi tí epo bá kàn, pé ẹni tó bá jẹ ohun elépo kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọkọ̀ tó ń dúró de ọ̀dà. Mo ti iléèwé dé, mo jẹ àkàrà, n kò fọwọ́. Ara ọkọ̀ náà jọ̀lọ̀, ó wù mí, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì pa á láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bọ̀dá Làmídì rí mi. Kò jágbe mọ́ mi. Ó ṣẹ́jú sí mi pé kí n sá wọlé, ó mú àkísà àti pẹtiróò, ó ń nù ún lọ. Nígbà tí ọ̀dà yọ ihò, tí ẹ sọ fún un lójú gbogbo àdúgbò pé ọdún mọ́kànlá tó fi bá yín ṣiṣẹ́ kò kọ́ ọ ní nǹkan kan, kò dárúkọ mi. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò sìmẹ́ǹtì, ó sì lọ. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń wò ó.

Kí ló dé tí n kò sọ? Mo kéré, mo sì bẹ̀rù yín. Ìyẹn yé wa. Nígbà tí mo pé ogún ọdún ńkọ́? Nígbà tí ẹ wá bẹ̀ mí wò níbí, tí a jókòó oṣù méjì gbáko, tí ẹ ń bá mi wo bọ́ọ̀lù àwọn ará ibí tí kò yé yín? Nígbà tí ẹ dùbúlẹ̀ àìsàn, tí Màámi ní Làmídì lẹ̀ ń pè, pé ẹ ń bi gbogbo ẹni tó bá wọlé bóyá wọ́n mọ ibi tó wà? Fóònù wà létí mi. Mo la ẹnu, mo tún pa á dé. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi tiẹ̀ ti lé lọ́gbọ̀n ọdún.

Mo yọ ìgò òróró náà, mo gbé e sórí tábìlì Ramón, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó wo ìgò, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun náà kò lè rí ọkọ̀ kó má wọ́n omi àdúrà sí i. Eusebio kò rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ fún un nínú eruku ibẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ó ń fà mí dìde, ó ń wojú ọ̀gá rẹ̀ bóyá ara mi ò yá. Kò kúrò níṣẹ́. Òun ló tún ọkọ̀ náà kùn, ó sì dára ju ti ìṣáájú lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pe Màámi láti béèrè Bọ̀dá Làmídì. Mo fẹ́ lọ bá a ní Ìṣẹ́yìn, ìlú rẹ̀, ní oṣù Kejìlá, kí n dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Màámi ní ó ti kú lọ́dún tó ṣáájú ikú yín. Ìyàwó rẹ̀ ránṣẹ́, Màámi sì fi í pamọ́ fún yín nítorí dókítà ní ẹ kò gbọdọ̀ gbọ́ ìròyìn burúkú. Ẹ ń wá olóògbé káàkiri lórí ibùsùn, Bàámi, àwa méjèèjì tó mọ nǹkan sì pa ẹnu mọ́.

N kò ní ẹni tí màá bẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọn báyìí. Ṣé ẹ ti ríra? Ṣé ó ti sọ fún yín, àbí níbẹ̀ náà ó ṣì ń bò mí láṣìírí? Mo mọ̀ ọ́n, kò ní sọ. Á kàn kí yín, á sì gba ẹ̀gbẹ́ kan kọjá. Ẹ má jẹ́ kó kọjá. Ọwọ́ mi ni, Bàámi. Ẹ sáré tẹ̀ lé e, kí ẹ bẹ̀ ẹ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.