Ilẹ̀ Pálọ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tẹ̀

Ọpẹ́fólúwa ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Èkó níbẹ̀ yẹn, ṣé Rejoice ìyàwó rẹ ń jẹun dáadáa, ṣé Dùnníolúwa ọmọ yín ò wúkọ́ mọ́? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí òkun gbé mi lọ ní Ararọ̀mí níbí kò ní jẹ́ kí Èkó gbé yín lọ.

Ọlọ́rundáre, bíríkìlà tí o rán sí mi, ti tún ilẹ̀ pálọ̀ ṣe. Ó ha gbogbo ibi tí iyọ̀ òkun ti jẹ, ó fọ̀ ọ́, ó tẹ́ sìmẹ́ǹtì tuntun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, ó ní kí n má tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló fi àwọ̀ pupa kùn ún, ó wá ń dán bí epo tuntun. Nígbà tó ya fọ́tò rẹ̀ kó lè fi ránṣẹ́ sí ọ, àwọ̀ ṣì tutù, ni mo bá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e pẹrẹsẹ sí àtẹ́lẹwọ́ kí àwọ̀ má baà ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ń rẹ́rìn-ín, n kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Bí ibì kan bá pọ́n ju ibì kan lọ lọ́dọ̀ yín, kì í ṣe ẹ̀bi mi.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ ṣá. Nígbà tí bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ṣe ilẹ̀ yẹn lákọ̀ọ́kọ́, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ìwọ ti tẹ̀ ẹ́, ewúrẹ́ Jóṣúà aládùúgbò wa ti tẹ̀ ẹ́, adìẹ ti tẹ̀ ẹ́, bàbá rẹ pariwo títí ohùn fi há. Gbogbo ẹsẹ̀ yẹn ló ti wà lábẹ́ sìmẹ́ǹtì báyìí. Èyí ni mo rántí tí mo fi gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà, mo mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, mo sì ṣọ́ ilẹ̀ tuntun yìí fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó wá. Òkun ti gba ilé Jóṣúà, wọ́n ti kó lọ sí Igbókòdá, àwọn ará ẹ̀yìnkùlé wa náà ti lọ. Adìẹ pàápàá ò yà. Ọlọ́rundáre ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́, òun ò tíì rí ilẹ̀ tó gbẹ láìní àmì kankan báyìí rí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún. Àdáwà yìí ti pọ̀ jù fún mi, ọmọ mi.

Mo wá ní kó fọ́ ibì kan lẹ́nu ọ̀nà fún mi, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì, kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìyẹn á ba òun lórúkọ jẹ́. Mo ní kó bà á jẹ́. Owó sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún, owó díẹ̀ ni. Má fi sí báǹkì o, báǹkì ò lẹ́sẹ̀. Ìwọ ni kó o mú un wá, kó o sì gbé Dùnníolúwa dání. Ọdún mẹ́ta tó ti dáyé, inú fóònù nìkan ni mo ti ń rí i. A óò po sìmẹ́ǹtì náà, Dùnníolúwa á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, n kò sì ní pariwo.

Ọlọ́run á tọ́ ẹsẹ̀ yín wá sílé. Mo ti gbé ìgbálẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ìyá rẹ,
Rúùtù