Àsúmáù Kò Sí Níbí

Fúláàtì 27, Ilé Lorrimer,
Peckham,
London SE15.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, ọdún 2025.

Sìdíkàt ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìyá Yusrah,

Àsàlámù àlékùmù. Báwo ni ara? Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ yẹn ti ń gbọ́ oògùn? Bàbá Yusrah ńkọ́, ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti lọ sílẹ̀? Yusrah àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń rẹ́rìn-ín sí èèyàn? Gbogbo ará ilé ní Ìwó, mo kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa náà wà níbí pẹ̀lú òtútù. Hameedah ọmọ mi ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù ní Camberwell. Ó rù díẹ̀, àmọ́ ara rẹ̀ le. Ara tèmi náà le. Inú ni kò dára.

Má bínú pé mi ò fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, tí mo bá fi ẹnu sọ ọ́, èébú ló máa kún inú rẹ̀, ìwọ á sì ṣí i lójú àwọn ọmọ. Mo wá jókòó ti ìwé àti bírò, mo ní bóyá tí mo bá kọ ọ́, inú mi á rọ̀. Kò tíì rọ̀. Ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Àtàláátà ló máa mú un bọ̀.

Sìdíkàt, orúkọ mi kò sí lára àwọn tó ń lọ sí Úmúrà nínú ààwẹ̀ tó ń bọ̀ yìí. Jímọ̀ tó kọjá ni wọ́n parí orúkọ gbígbà. Mo mọ àdéhùn wa, pé ìwọ á ti Ìwó wá, èmi á ti London wá, a ó sì pàdé níwájú Káábà. Ọdún kẹsàn-án rèé tí a ti ń sọ ọ́, láti ìgbà tí o ti kúrò ní Peckham. Jọ̀wọ́, má rò pé mo yẹ àdéhùn. Jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ṣe mí.

O rántí éjẹ́ńtì èṣí, tó kó owó àwọn obìnrin mọ́sáláṣí wa lọ tí a ò rí i mọ́ títí dòní. Nítorí ìyẹn, wọ́n kìlọ̀ fún wa lọ́dún yìí pé kí ẹnikẹ́ni má ka owó lé éjẹ́ńtì lọ́wọ́, kí kálukú fi kírẹ́díìtì káàdì san, torí tí éjẹ́ńtì bá sá, báǹkì ló máa dá owó ẹ padà fún ẹ. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mi ò fẹ́ èlé, o mọ̀ mí. Àmọ́ owó náà wà nílẹ̀, mo sì ti pinnu pé bí mo bá ti fi káàdì san án báyìí ni mo máa san án padà fún báǹkì kí oṣù tó pé. Mo ní kí n gba káàdì.

Àmọ́ ìkìlọ̀ wà lórí orúkọ mi. Mo ti sọ fún ọ nípa olè tó fi orúkọ mi gba fóònù olówó ńlá lọ́dún tó kọjá, tí àwọn agbowó sì ń lé mi kiri. Nígbà tí a yanjú ẹ̀, Hameedah bá mi kọ̀wé sí àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè gbogbo èèyàn nílùú yìí. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ orúkọ mi pé ẹnikẹ́ni tó bá wá fi orúkọ yìí tọrọ àwìn, ẹ má dá a lóhùn, àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ pe nọ́ńbà báyìí báyìí. Hameedah ní, "Mummy, ẹ fi nọ́ńbà ọwọ́ yín sí i." Mo ní láéláé. Olè yẹn ti gba nọ́ńbà ọwọ́ mi nígbà kan, ta ló mọ̀ bóyá á tún gbà á? Mo ní kí ó fi nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù sí i, èyí tí kò yí padà láti ọdún mọ́kànlá. Mo rò pé mo gbọ́n.

O mọ bí a ṣe pín ṣọ́ọ̀bù yẹn ní Rye Lane. Èmi àti máṣíìnì ìránṣọ mi wà lẹ́yìn pátápátá, Tòkunbọ̀ tó ń tún fóònù ṣe wà lẹ́nu ọ̀nà. Àárín tí ìwọ ń lò tẹ́lẹ̀, Zoe ló wà níbẹ̀ báyìí, ọmọ kan tó ń dirun. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, kò gbọ́ Yorùbá, ẹnu rẹ̀ mú, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ dáa. Fóònù kan náà ni gbogbo wa ń lò. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló ń gbé e.

Bí mo ṣe tọrọ káàdì nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ní Àlàmísì, ìwé dé pé wọn kò fún mi. Wọn kò sọ ìdí ẹ̀. Èmi àti Hameedah pe báǹkì, a gbọ́ orin wọn títí etí fi ń dùn wá, kí ọmọbìnrin kan tó gbé e. Ohùn rẹ̀ dẹ̀ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní àwọn rí ìkìlọ̀ orí orúkọ mi, àwọn sì ṣe bí mo ṣe wí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn pe nọ́ńbà yẹn. Ó ní àwọn tó gbé e ní ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀. Torí náà, lójú tiwọn, olè ló ń tọrọ káàdì. Mo ní èmi kọ́ lolè, èmi ni mo ni orúkọ. Ó ní òun gbọ́, Madam.

Bọ́ọ̀sì kò tètè dé, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ṣọ́ọ̀bù. Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Mo bi wọ́n pé ta ló gbé fóònù tí báǹkì pè. Sìdíkàt, ńṣe ni Tòkunbọ̀ ń rẹ́rìn-ín sí mi.

Ó ní, "Aunty, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn agbowó yẹn tún ti ń wá yín bọ̀ láti ọjọ́ Àtìnì, a ti lé wọn lọ. Mo kọ́kọ́ ní a ò mọ̀ yín. Nígbà tí wọ́n tún pè, mo ní ẹ ti lọ sí Nigeria, ẹ ò sì ní padà wá mọ́."

Zoe ò jẹ́ kó sinmi. Ó fi òòyà rẹ̀ tọ́ka sí mi, ó ní ẹ̀ẹ̀kẹta yẹn, òun lòun gbé e. Òun sọ fún wọn pé Aunty ti kú, kí wọ́n jẹ́ kí òkú sinmi. Ó ní láti ìgbà yẹn, ṣé mo rí i pé wọn kò pè mọ́?

Àwọn méjèèjì ń wò mí, wọ́n ń retí kí n dúpẹ́.

Mo bú wọn. Ohun tí mo sọ, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Mo ní ta ló rán wọn níṣẹ́, ta ló ní kí wọ́n máa fi orúkọ mi purọ́ fún báǹkì. Tòkunbọ̀ kàn na ìka sí ògiri, lókè ibi tí fóònù wà. Páálí kan wà níbẹ̀ tí eruku ti bò. Mo sún mọ́ ọn. Ọwọ́ mi ni, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà: ÀSÚMÁÙ KÒ SÍ NÍBÍ. ẸNI TÓ BÁ BÉÈRÈ, Ẹ NÍ Ẹ Ò MỌ̀ Ọ́N.

Èmi ni mo kọ ọ́ lọ́dún tó kọjá, nígbà tí àwọn agbowó ń pe ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ lálẹ́ nítorí fóònù tí olè gbà. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n. Tòkunbọ̀ ló túmọ̀ ẹ̀ fún Zoe. Mo gbàgbé rẹ̀ sára ògiri, àwọn kò gbàgbé.

Lọ́jọ́ kejì, Jímọ̀, mo kó pásípọ́ọ̀tù àti gbogbo ìwé ilé lọ bá báǹkì. Wọ́n ní kí n dúró fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n kí wọ́n tó lè tún un wò. Mo bẹ éjẹ́ńtì pé kó di àyè kan mú fún mi, ó ní kí n mú owó wá lọ́wọ́. Káàdì Hameedah kò gba iye yẹn. Mo sì wo owó náà, iṣẹ́ máṣíìnì ọdún mẹ́fà, ọkàn mi kò gbé e láti kà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lẹ́yìn ohun tí a rí lọ́dún tó kọjá.

Mi ò mọ ẹni tí mi ò bínú sí. Mo ń bínú sí Zoe tó pa mí, mo ń bínú sí ọwọ́ mi tó kọ páálí. Àmọ́ èyí tó ń dùn mí jù ni pé olè sọ pé òun ni Àsúmáù, wọ́n gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀, wọ́n gbé fóònù fún un. Èmi Àsúmáù sọ pé èmi ni Àsúmáù, pẹ̀lú ojú mi àti pásípọ́ọ̀tù mi, wọ́n ní kí n lọ dúró.

Má dúró dè mí. O ti sanwó, orúnkún rẹ kò sì ní dín ọdún kù. Lọ. Tí o bá dé iwájú Káábà, dárúkọ mi, má gé e kúrú. Pè é ní Àsúmáù Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Làtíìfù, ará Ìwó, tó ń ránṣọ ní Peckham. Sọ pé mo fẹ́ wá, mo sì ní ohun tí mo fẹ́ fi wá. Ibẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ báyìí tí wọn kò ti ní sọ pé àwọn ò mọ̀ mí.

Bá mi kí Bàbá Yusrah, kí o gbé ọmọ ọwọ́ yẹn jó fún mi. Tòkunbọ̀ ní kí n kí ọ, ó ní òun kò tíì rí ẹni tó ń yan ẹ̀pà bíi tìrẹ. Zoe ti tọrọ àforíjì. Ó di irun Hameedah lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì jẹ́ kó dì í. Mo ti fa páálí yẹn ya. Mo ti lẹ òmíràn mọ́ ibẹ̀, lédè Yorùbá àti lédè Òyìnbó, ohun tí mo kọ sí i náà ni mo fi ń parí ìwé yìí.

Mo wà níbí,

Àsúmáù Àbẹ̀kẹ́.