Ìyá Mi àti Ẹgbẹ́ Tí Wọ́n Ní Kó Sẹ́

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má bínú pé n kò kọ́kọ́ kí yín dáadáa. Inú ló ń bí mi. Láti ìgbà tí Ráfíù àbúrò mi ti ní òun fẹ́ mú Màmá lọ sọ́dọ̀ òun ní Amẹ́ríkà, n kò sinmi mọ́, ẹ̀yin ni mo sì rò pé ẹ fà á. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Ẹ mọ̀ pé orúnkún ti ń da Màmá láàmú kí ẹ tó lọ. Ó ti le sí i. Kò yẹ kó máa rìn lọ sí oko kajú mọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá ti yíjú báyìí, ẹ óò rí i lójú ọ̀nà, tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀, tó fẹ́ lọ bá àwọn alágbàṣe jà pé wọn kò ro ìdí igi dáadáa. Ráfíù ní dókítà tó lè tún orúnkún náà ṣe wà nítòsí òun. Ó ti di ọmọ ìlú wọn, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ìyá rẹ̀ wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Vísà nìkan ló kù.

A lọ sí Bassila, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fi kọ̀ǹpútà bá àwọn èèyàn kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń lọ geere títí ó fi kan ìbéèrè kan: ṣé ẹni tó fẹ́ wọ̀lú ti wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kọ́múnísì rí? Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ wojú wa. Ó ti fẹ́ tẹ "rárá" kí Màmá tó ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Mo túmọ̀ rẹ̀.

"Mo wà níbẹ̀," ni Màmá wí.

"Màmá, gbogbo èèyàn ló ń kọ rárá."

"Gbogbo èèyàn kọ́ ló jẹ́ olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ní Manigri. Èmi ni."

Bàbá, ó dà bíi kí n fi orí gbá tábìlì ọkùnrin yẹn. Mo mọ̀ pé láyé Rẹfolúsíọ̀n, nígbà tí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè, tí tọmọdé tàgbà ń pe ara wọn ní kamaráàdì, ẹ̀yin ni dẹlẹgé tó ń ṣojú ìjọba lábúlé wa. Ohun tí gbogbo ilé sì mọ̀ ni pé ẹ̀yin lẹ fi orúkọ Màmá sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà, nítorí pé kò yẹ kí ìyàwó dẹlẹgé jókòó sílé. Màmá fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà mo lọ síbi sàréè yín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì bá yín jà. Kí lẹ ń wá kiri? Ẹ̀yin ti wà nínú rẹ̀, ṣé kò tó ni? Ẹ ti lọ sinmi ní tiyín, èmi lẹ fi síbí kí n máa bá yín ṣàlàyé.

Ráfíù pariwo lórí fóònù pé ká kọ rárá, ta ni yóò wá sí Manigri wá wádìí ọ̀rọ̀ àtijọ́? Nígbà tó yá ó tún pè, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. Agbẹjọ́rò kan ti sọ fún un pé irọ́ gan-an ló lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ẹgbẹ́ tó ti kú tipẹ́ kò ní dí Màmá lọ́wọ́, pàápàá tó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n fipá mú un wọ̀ ọ́. Kí Màmá ṣáà ti sọ pé ọkọ òun ló fi orúkọ òun sílẹ̀. A kọ bẹ́ẹ̀ ni sínú ìwé náà, mo ní ọpẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ti tán. Láti ilé títí a fi dé Lomé ní Togo, níbi tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń fọ̀rọ̀ wá àwa ará orílẹ̀-èdè Benin lẹ́nu wò, mo ń kọ́ Màmá lóhun tí yóò sọ. Ó kàn ń mi orí. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ bó ṣe ń mi orí tí kò bá ní í gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá a sọ.

Ọmọbìnrin òyìnbó kan ló jókòó lẹ́yìn gíláàsì, wọ́n sì jẹ́ kí n máa túmọ̀. Ó béèrè Ráfíù, ó béèrè yín, ó sì bá Màmá kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ẹni tó mú Màmá wọ ẹgbẹ́ náà. Mo yí i sí èdè wa, mo ń retí "ọkọ mi."

"Kò sẹ́ni tó mú mi wọ̀ ọ́," ni Màmá wí. "Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn lọ. Ọkọ mi kò tilẹ̀ fẹ́."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Sọ fún un. Àbí o ti gbàgbé Faransé ni?"

Bàbá, ọmọbìnrin yẹn ń wò mí. Kò gbọ́ èdè wa. Gbólóhùn kékeré kan péré, pé wọ́n fipá mú un, a ti jáde níbẹ̀. Ó ti wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n Màmá tẹjú mọ́ mi, inú sì bí mi débi pé mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kó lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Ọmọbìnrin náà béèrè ìdí tó fi wọ̀ ọ́.

"Nítorí pé ibẹ̀ nìkan ni obìnrin ti lè dìde sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọkùnrin. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìpàdé. Mo dìde, mo ní kànga làwa fẹ́. Wọ́n gbẹ́ kànga."

"Ìgbà wo lẹ wá fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀?"

"N kò fi í sílẹ̀ o. Òun ló kú."

Ọmọbìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ká lọ kọ gbogbo ohun tí Màmá sọ, kó tẹ̀ka sí i, ká sì fi ránṣẹ́. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

A wọ tákísì, a sì kọjá ẹnubodè. Ìgbà náà ni mo wá bi í pé kí ló dé tó fi ń di ọ̀rọ̀ náà rù yín láti ọjọ́ yìí. Ó ní nígbà tí Rẹfolúsíọ̀n parí, àwọn èèyàn ń fi àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní alágídí ni wọ́n, wọn kò ní ọkọ nílé. Ẹ̀yin lẹ ní kí òun máa sọ pé ẹ̀yin lẹ fi orúkọ òun sílẹ̀, kí wọ́n lè fi òun lọ́rùn sílẹ̀.

Mo ní, ṣùgbọ́n ẹ kò kúkú fẹ́ kó wọ̀ ọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ ọ̀rọ̀ kànga yẹn, àárín àwọn ọkùnrin lẹ jókòó sí, ilẹ̀ lẹ ń wò. Ó pọ̀n mí sẹ́yìn, mo ń ké, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tí ìpàdé tú, ẹ dìde lọ bá a. Ẹ gbà mí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi ọ̀já rẹ̀ pọ̀n mí, ẹ sì gba àárín àwọn ọkùnrin yẹn kọjá lọ sílé. Wọ́n ń hó lé yín lórí.

Vísà ti dé. Tí a bá kó kajú tán, Màmá yóò lọ.

Bàbá, inú ṣì ń bí mi. Kí ló dé tí ẹ̀yin méjèèjì kò sọ fún mi? Ṣé ojú tì yín lọ́jọ́ náà? Ṣé mo ké títí délé, àbí mo sùn? Mo ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí títí, mo ń wá ẹ̀yìn yín nínú ìrántí mi, n kò rí i.

Kí ilẹ̀ Manigri fúyẹ́ lára yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ pọ̀n délé.